Nígbà Tí Olóyè Nìkan Ló Ń Dìbò: Ìrántí Abúlé Etí Òkun Kan ní Samoa

Ní Samoa tí mo mọ̀, ọmọ ìbílẹ̀ lè kàwé gboyè, kó máa ṣiṣẹ́ ní báńkì, kó máa san owó orí, síbẹ̀ kó má lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin. Matai nìkan ló ń dìbò, ìyẹn ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti fi joyè. Dókítà tí kò joyè á jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò, bàbá arúgbó tó ń pẹja létí òkun, tó jẹ́ pé Bíbélì nìkan ló ń kà, á wọ aṣọ funfun, á lọ dìbò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi. Ẹ wá wo èmi tí mo ti Nàìjíríà wá, níbi tí àwọn ológun ti ń pàṣẹ, tí olóyè àti mẹ̀kúnnù kò fojú kan àpótí ìbò, tí mo wá ń bínú nítorí ìbò àwọn ẹlòmíì!

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní New Zealand ni mo ti ń kàwé nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá olùkọ́ ìṣirò fún ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní erékùṣù Savai'i. Mo gba iṣẹ́ náà, mo sì dé ibẹ̀ ní 1988. Samoa Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ọdún 1997 ni wọ́n tó gé orúkọ yẹn kúrú. Àwọn ará Jámánì ti jọba lé wọn lórí láti 1900, New Zealand sì gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní 1914 nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀. Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1962. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ibẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bí 160,000 lọ. Apia, olú-ìlú wọn, wà ní Upolu, erékùṣù kejì. Láti ibẹ̀, èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mulifanua, á sọ̀ ní Salelologa ní Savai'i, á wá wọ bọ́ọ̀sì onípákó tí orin inú rẹ̀ kì í dákẹ́ títí dé abúlé.

Etí òkun ní gúúsù Savai'i ni abúlé wa wà. Gbàgede koríko kan tí wọ́n ń pè ní malae wà láàárín rẹ̀, ilé àwọn olóyè yí i ká, ilé ìjọsìn sì ga ju gbogbo wọn lọ. Ilé wọn kò ní ògiri. Òpó ló gbé òrùlé ró, òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹní sórí òkúta náà. Bí òjò bá ń fẹ́ wọlé, wọ́n á tú aṣọ ìkélé tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn hun sílẹ̀ láàárín àwọn òpó. Àwọn òrùlé kan ṣì jẹ́ ewé ìrèké. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Auckland ló ń lo páànù.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tọkọtaya kì í pariwo jà. Ẹni tó bá ń jẹun, tó rí ẹni tó ń kọjá lọ, gbọ́dọ̀ pè é wá jẹun. Ẹni tó ń kọjá náà á dúpẹ́, á máa bá tirẹ̀ lọ, àyàfi tí ebi bá ń pa á lóòótọ́. Kò pẹ́ tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ẹsẹ̀ jókòó sórí ẹní fún wákàtí púpọ̀, nítorí ẹni tó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí àgbà ti bú u nìyẹn.

Bàbá kan tó jẹ́ matai ló gbà mí sílé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń pè é nígbà yẹn náà ni màá ṣe pè é níhìn-ín: Bàbá. Òun náà kò pe orúkọ mi rí. "Olùkọ́" ló ń pè mí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Òkun wà níwájú wa, oko wà lẹ́yìn wa. Àpáta iyùn kan gùn lọ gbọọrọ nínú òkun. Ara rẹ̀ ni ìgbì ti ń fọ́, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Nínú ọ̀sà tó wà láàárín àpáta yẹn àti ilẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń wá ọbẹ̀. Bí omi bá ti fà, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa rìn nínú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n á máa ṣa ìṣáwùrú òkun, wọ́n á máa gún ẹja tó sá sábẹ́ òkúta. Àwọn ọkùnrin ní ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbẹ́ lára igi, tí wọ́n so igi gígùn kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa dojú dé. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá àpáta lọ sójú agbami ń lo alia, ọkọ̀ onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ìdí méjì, tó dé Samoa ní àwọn ọdún 1970. Nínú oko, wọ́n ń gbin kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti kòkó, igi jálókè sì wà lẹ́yìn ilé gbogbo.

Ohun kan yà mí lẹ́nu lórí omi. Lórí ilẹ̀, kò sí ọ̀dọ́ tó jẹ́ dúró gbagidi níwájú olóyè tó jókòó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kúrò létíkun, tautai, ọ̀gá apẹja, ni gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bó bá ní kí olóyè ńlá panu mọ́, á pa á mọ́. Bí ọkọ̀ bá dànù, ọ̀gá apẹja ni wọ́n máa bi léèrè ẹ̀mí gbogbo wọn, nítorí náà òun ni wọ́n fún ní àṣẹ. Mo ti rí i níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohun kan náà ló wà nídìí ètò oyè wọn látòkè délẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù Ọ̀wàrà tàbí Bélú, nígbà tí òṣùpá bá ti ń kú lọ, palolo á jáde. Kòkòrò kan tó ń gbé inú àpáta iyùn ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, apá ìdí rẹ̀ á já, á léfòó, àìmọye rẹ̀ á kún ojú omi, òmíràn á ní àwọ̀ ewé, òmíràn á pọ́n rúsúrúsú. Àwọn àgbà ń wo òṣùpá, wọ́n ń wo bí òdòdó moso'oi ṣe ń tanná, wọ́n á sì sọ òru tó máa jẹ́. Gbogbo abúlé á wọ omi pẹ̀lú àwọ̀n àti garawa: olóyè, ìyàwó pásítọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé mi. Bí oòrùn bá ti yọ, ó ti tán nìyẹn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n ń fi ẹyin dín in. Ó ní iyọ̀ òkun lára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó bá kù, wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sí ìbátan tó wà lókèèrè sí òkun.

Kí n wá sọ ti oyè. Ìdílé ló ni oyè, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́. Bí matai kan bá kú, gbogbo ẹbí, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà ní Apia àti Auckland, á péjọ, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi fẹnu kò sórí ẹnìkan. Ó lè jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló pọ̀ jù nígbà yẹn. Àkọ́bí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní ju àbúrò lọ. Bí wọn kò bá fẹnu kò, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀ràn ilẹ̀ àti oyè, ilé ẹjọ́ tí àwọn ará Jámánì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1903. Ilẹ̀ ìdílé wà lábẹ́ oyè náà. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ Samoa ló jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tà á.

Bàbá kọ́ ni àgbà láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní bọ́ọ̀sì ní Apia, ó sì lówó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ló dúró sílé. Òun ló ń dáná sí ààrò òkúta fún matai àtijọ́ ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú, òun ló ń gbé ẹja lọ bá a, òun ló gbé e nígbà tí kò lè dìde mọ́. Àwọn ará Samoa a máa sọ pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ibi àṣẹ ni kó sìn. Wọn kì í sọ ọ́ fún àwàdà. Nígbà tí ẹbí péjọ, ẹ̀gbọ́n tó ní bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ Bàbá.

Ohun tó rí gbà nínú oyè náà kò tó ohun tó ń ná sí i. Òun ló ń pín oko fún àwọn ọmọ ẹbí, òun ló ń sọ ẹni tó máa dáná àti ẹni tó máa lọ sójú omi. Bí owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé, òun ló ń wá a. Bí òkú bá kú lábúlé mìíràn tí wọ́n bá tan, rédíò 2AP á kéde rẹ̀ nírọ̀lẹ́, Bàbá á mí kanlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹlẹ́dẹ̀ tó kù lọ́gbà. Ẹní àtàtà tí àwọn obìnrin ilé fi ọ̀pọ̀ oṣù hun, tó rọ̀ tó sì ń dán, á jáde kúrò nínú àpótí lọ sílé òkú. Mo rí i tí owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Auckland dé ní àárọ̀, tí kò sì sùn nílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ abúlé ń jókòó, èyí tí wọ́n ń pè ní fono. Òpó kọ̀ọ̀kan nínú ilé ìpàdé ló ní ẹni tó ń fẹ̀yìn tì í. Àwọn olóyè gíga á jókòó sí igun méjèèjì, àwọn olóyè sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á jókòó síwájú. Ọ̀pá gígùn àti ìrùkẹ̀rẹ̀ ni ohun àṣẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn léjìká wọn, ó ṣe mí bí ẹni pé mo wà láàfin ọba kan nílé. Wọn kì í sọ ohunkóhun tó nítumọ̀ kí wọ́n tó mu 'ava. Ọmọbìnrin kan á po egbò náà mọ́ omi nínú ọpọ́n ńlá ẹlẹ́sẹ̀, á sẹ́ ẹ, ẹnìkan á máa fi ohùn rara pe ẹni tí ife kàn. Bí ife bá ṣe ń tẹ̀ léra ni ipò ṣe tẹ̀ léra, ẹni tí wọ́n bá sì fo ife rẹ̀ dá ti gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Ìgbìmọ̀ náà kì í dìbò. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á tún un sọ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan á gba ọ̀nà ìtàn ìran wọn kọjá kó tó dé ibi ọ̀ràn ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ kókò ẹni ẹlẹ́ni. Olóyè gíga á dákẹ́ títí, ìgbà tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dọ́gba ni á sọ gbólóhùn díẹ̀, ó parí. Ọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni ọtí mímu, ìjà, ẹran ọ̀sìn tó já, àti àwọn tó ń fi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja nínú ọ̀sà. Ìtanràn rẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀, kókò, tàbí páálí ẹja inú agolo.

Ibẹ̀ ni mo ti wá lóye. Ọmọkùnrin ogún ọdún kan mutí yó, ó kígbe káàkiri abúlé lásìkò àdúrà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dájọ́ ìtanràn. Ọmọkùnrin náà kò sí níbẹ̀, wọn kò sì pè é. Matai ilé rẹ̀ ni wọ́n kọjú sí, òun ni wọ́n bá wí, òun ló tẹrí ba, òun ló sì máa wá ẹlẹ́dẹ̀ àti páálí. Ohun tí matai náà bá ọmọ rẹ̀ sọ nílé, ìyẹn wà láàárín wọn. Lójú abúlé, olóyè ló jẹbi. Ẹni tí kò joyè kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbèsè níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn yòókù jókòó lásán. Àwọn ọkùnrin tí kò joyè ní ẹgbẹ́ tiwọn, aumaga. Àwọn ni agbára abúlé: àwọn ló ń kọ́lé, àwọn ló ń ro oko pásítọ̀, àwọn ló ń dáná nígbà àlejò. Lálaalẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á fun ìkarahun ńlá tàbí kí wọ́n lu agogo, àwọn aumaga á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìró wọn, ọkọ̀ kò ní kọjá, ọmọdé kò ní sáré, gbogbo ilé á kọrin, wọ́n á gbàdúrà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fun un, ayé á padà bẹ̀rẹ̀. Ìsìn Kristẹni ti wọ inú ètò náà dáadáa láti 1830, nígbà tí míṣọ́nárì John Williams gúnlẹ̀ sí Sapapali'i ní Savai'i, tí olóyè ńlá Malietoa Vainu'upo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Pásítọ̀ kì í jókòó nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ẹja tó tóbi jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ.

Àwọn ọmọbìnrin abúlé ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ìyàwó olóyè ní tiwọn, àpapọ̀ wọn ló sì ń dá ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó sílẹ̀, ètò tó ti wà láti àwọn ọdún 1920. Àwọn obìnrin yìí ni mo bẹ̀rù ju ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ajé lọ. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á wọṣọ kan náà, wọ́n á máa wọ ilé dé ilé. Wọ́n á wo ẹní, wọ́n á wo àwọ̀n ẹ̀fọn, wọ́n á wo ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á ṣí ìkòkò. Ilé olóyè gíga kò ní àyè ọ̀tọ̀. Wọ́n yẹ tèmi náà wò, ìyá kan sì fi ìka gba ojú fèrèsé mi, ó wo ìka náà, kò sọ nǹkan kan, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń nu fèrèsé.

Ohun tó fi gbèsè olóyè hàn mí jù lọ ni ifoga. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹbí wa lu ọmọ abúlé kejì nínú ìjà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré rọ́gíbì, ojú ọmọ náà sì bàjẹ́ gidigidi. Ọlọ́pàá ti mú ọ̀dọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò parí síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bàbá mú ẹní àtàtà tó dára jù nílé, àwa ọkùnrin ilé wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó di abúlé kejì. Wọ́n ní kí èmi dúró sínú ọkọ̀. Bàbá àti àwọn olóyè méjì jókòó sórí koríko níwájú ilé àwọn tí a ṣẹ̀, wọ́n fi ẹní bo orí ara wọn, wọ́n sì dúró. Àṣà wọn ni pé ẹni tí a ṣẹ̀ lè jáde pẹ̀lú ohun ìjà. Ìyẹn ni ìtumọ̀ títẹ orí ba níta gbangba bẹ́ẹ̀. Oòrùn yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Àwọn ọmọ abúlé náà ń kọjá lọ sílé ìwé, àwọn kan nínú wọn mọ̀ mí. Nígbà tó yá, olóyè ilé náà sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá, ó ká ẹní kúrò lórí Bàbá, ó sì ní kí wọ́n wọlé. Ẹkún sọ ṣáájú ọ̀rọ̀. Ilé ẹjọ́ ṣì gbọ́ ẹjọ́ ọ̀dọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀san láàárín abúlé méjèèjì.

Nígbà tí a padà délé, mo bi Bàbá léèrè bóyá ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Olùkọ́, oyè tí mo jẹ kò sí fún ọjọ́ tí wọ́n bá ń fún mi ní 'ava nìkan."

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ọ̀run rere ni. Ìgbìmọ̀ yẹn lè le. Ẹni tó bá kọ̀ sí i lẹ́nu lè di ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú tòun ti ẹbí rẹ̀, kódà ilẹ̀ tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí kò ní gbà á mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀sìn padà, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́nà tirẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáà yàtọ̀, kò ní ibi tó máa sá sí nínú ilé tí kò ní ògiri. Ní 1993, lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin kan ní abúlé kan ní Upolu nítorí pé ó tàpá sí àṣẹ ìgbìmọ̀. Àwọn aumaga tí mo ń yìn yìí, irú wọn ni wọ́n rán lọ.

Ṣùgbọ́n irú àwọn olóyè bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ohun tí gbogbo Savai'i ń sọ ní 1989. Ní Falealupo, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, ìjọba ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwé tó dára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kò ní rán olùkọ́ sí wọn mọ́. Abúlé kò lówó. Ni wọ́n bá gbà kí ilé iṣẹ́ agégẹdú wọ inú igbó wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi, Fuiono Senio, ọ̀kan nínú àwọn olóyè, sáré wọ inú igbó lọ, ó sì dá àwọn katakátà dúró. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa egbòogi níbẹ̀, Paul Cox, ṣèlérí láti wá owó ilé ìwé náà, àwọn olóyè sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn máa dáàbò bo igbó wọn. Ní 1997, àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Goldman tí wọ́n ń fún àwọn tó ń tọ́jú àyíká. Nígbà tí ìròyìn àdéhùn náà dé abúlé wa ní 1989, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ béèrè ni, "Ta wá ni yóò san gbèsè ilé ìwé náà bí owó òyìnbó yẹn kò bá dé?" Ọkàn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀.

Ọdún 1990 ni ayé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní oṣù Èrèlé, ìjì líle Ofa jà. Òkun gun orí ilẹ̀, ó wó àwọn ilé tó wà létí omi, ó fa igi àgbọn tu, iyọ̀ wọ oko kókò. Kí a tó tún òrùlé ṣe tán, ọ̀rọ̀ ìbò dé. Ìjọba fẹ́ bi gbogbo ẹni tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún bóyá wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa dìbò.

Ìdí pàtàkì kan wà tí ọ̀ràn náà fi dé. Nítorí pé matai nìkan ló ń dìbò, àwọn olóṣèlú ti kọ́ ọgbọ́n: bí o bá fẹ́ ìbò, dá olóyè sílẹ̀. Oyè kan tí ẹnìkan ń jẹ tẹ́lẹ̀ di èyí tí ẹni mẹ́wàá ń jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò dáná sí ààrò ẹnikẹ́ni rí di matai lóru mọ́jú nítorí ìdìbò tó ń bọ̀. Nínú ìdílé wa pàápàá, wọ́n ti fi ìbátan kan ní Apia jẹ apá kan oyè Bàbá. N kò rí i lábúlé rí.

Ọmọbìnrin Bàbá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, a sì jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bàbá ní òun máa dìbò pé rárá. Ó ní bí olúkúlùkù bá ń dìbò tirẹ̀, ìdílé á fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ọmọ rẹ̀ rọra bi í pé, "Bàbá, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́, Bàbá. Ìbátan wa tó wà ní Apia náà ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìbò rẹ̀ àti tiyín dọ́gba."

Bàbá kò fèsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ọmọ ilé wa bá tún fọ́ ojú ọmọ ẹlòmíì lọ́la, ṣé òun náà máa wá jókòó sábẹ́ ẹní?"

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé fìtílà wọlé. N kò bi í bó ṣe dìbò, kò sì sọ fún mi.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, àwọn tó ní kí gbogbo ènìyàn máa dìbò fi díẹ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ. Matai ṣì ni ẹni tó bá máa du ipò aṣòfin, òfin yẹn kò yí. Ní ọdún kan náà, ilé aṣòfin ṣe òfin tó fún ìgbìmọ̀ abúlé ní àṣẹ ìjọba, bí ẹni tó fi ọwọ́ kan gbà, tó fi èkejì dá padà. Ní oṣù Igbe 1991, gbogbo ilé wa jáde lọ dìbò. Àwọn obìnrin ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó tò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tò lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Bàbá dúró lórí ìlà lẹ́yìn ọmọbìnrin rẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, ìjì Val dé, ó jà fún ọjọ́ mélòó kan, ó burú ju Ofa lọ. Ilé ìwé wa ṣófo, àwọn òbí kò lówó, àdéhùn iṣẹ́ mi sì ti parí. Kí n tó lọ, mo rí ìgbìmọ̀ abúlé tó jókòó lábẹ́ tapólì, nítorí ilé ìpàdé ti lọ. Wọ́n pín iṣẹ́: ilé àwọn opó ni àwọn aumaga máa kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn náà ti pásítọ̀, ti àwọn olóyè ló máa gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

A ń kọ̀wé sí ara wa títí Bàbá fi kú. Nínú lẹ́tà rẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa àrùn ewé tó pa kókò gbogbo Samoa run ní 1993, àti nípa àwọn ọmọ ilé tó túbọ̀ ń lọ sí New Zealand. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2021, nígbà tí Fiamē Naomi Mata'afa, matai àti ọmọ olórí ìjọba àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Samoa, ọmọbìnrin Bàbá kọ̀wé sí mi pé Bàbá á ti kọ́kọ́ béèrè iye ẹlẹ́dẹ̀ tí ìdílé Fiamē ní.

Mo gbà nísinsìnyí pé ọmọ yẹn ló sọ òótọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí òun àti Bàbá sọ̀rọ̀ ìbò. Kì í ṣe pé ó burú kí olóyè nìkan máa dìbò nígbà tí olóyè nìkan ń jẹbi. Ìgbà tí wọ́n rí i pé èèyàn lè gba ìbò kó má gba gbèsè, ìgbà yẹn ni ètò náà ti kú, òfin 1990 kàn sin ín ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo padà sílé, àwọn kan wá bá mi pé wọ́n fẹ́ fi mí joyè. Wọ́n ka iye owó oyè náà fún mi, wọ́n sọ irú aṣọ tí n ó rà, wọ́n sọ iye màlúù. Mo ní ó dáa, kí ni n ó máa ṣe fún ìlú lẹ́yìn náà? Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tí n ó ṣe, ìlú á kàn máa kí mi ni. Mo bi wọ́n pé bí ọmọ àdúgbò bá ṣẹ̀ ńkọ́, ta ló máa dá a lóhùn? Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ìyẹn ti di ti ọlọ́pàá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo fún wọn ní owó ọkọ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi fi oyè náà lọ ẹlòmíì.